Àkọlé Tí Mo Fi Pa Ilé Ìtọ́jú Màmá Nọ́ọ̀sì Mọ́

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ kan lẹ́nu mi lónìí. Èmi tí mo fẹ́ rò ó wà lára àwọn tó jẹ̀bi, bí mo bá sì tún dákẹ́ sí i, ẹ̀bi náà á di méjì.

Ọ̀rọ̀ ṣòkòtò ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Mo ní télọ̀ kan ní Ọjà Ọba, ní Àkúrẹ́ níbí. Ẹ jẹ́ kí a máa pè é ní Dúpẹ́. Ọdún mẹ́fà ló ti ń rán aṣọ fún mi. Ẹni tó bá ti rí mi rí mọ̀ pé mo ga, mo sì gbẹ, ṣòkòtò tí yóò bá irú mi mu kì í ṣe èyí tí èèyàn ń rà lórí ìsọ̀. Dúpẹ́ nìkan ni kì í rán an kí ó dà bí aṣọ tí wọ́n fi kọ́ igi. Bó bá ń wọn ẹsẹ̀ mi, á ní, "Sà, tépù mi ti tán, ẹ̀yin ò tíì tán." Àwa méjèèjì á rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ Ajé kan, mo lọ gba ṣòkòtò kan tí mo fún un. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní títì. Ìyá tó ń ta bọ́tìnnì àti síìpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wò mí, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní nǹkan yẹn ló gbé Dúpẹ́ ṣubú níbi tó ti ń lọ aṣọ, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì bọ́ sórí áyọ́ọ̀nù. Kí àwọn tó dé ibẹ̀, ọwọ́ náà ti pẹ́ lórí rẹ̀.

Mo bi í pé nǹkan wo.

Ó wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ kó bá mi bú èèyàn. "Sà, ẹ mọ̀ ọ́n. Nǹkan yẹn ni."

Ìgbà yẹn ló yé mi pé wárápá ni. Ọdún mẹ́fà! N kò mọ̀. Ṣé ó yẹ kó sọ fún mi ni? Ta ni yóò gbé aṣọ tó níye lórí wá fún un bí ó bá gbọ́? Ìyá ọkọ wo ni yóò gbà á? Àwa tí a bí nílẹ̀ yìí, bí àìsàn kan bá ń bà wá lẹ́rù, a kì í pè é lórúkọ. A ó ní "nǹkan yẹn", a ó ní "ohun tó ń ṣe é". Wọ́n tọ́ èmi náà dàgbà bẹ́ẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ó tún padà débẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ilu-Abo, níbi tí àwọn òbí rẹ̀ ti ń dáko. Ìyá rẹ̀ ń sá ẹ̀gẹ́ lójúde. Dúpẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n fi báńdéèjì dì í láti orí ìka ọwọ́ ọ̀tún dé ọrùn ọwọ́. Ohun àkọ́kọ́ tó sọ fún mi ni pé kí n má bínú, ṣòkòtò mi ku etí ẹsẹ̀ nìkan. Mo ní ta ló bi í léèrè ṣòkòtò.

Bí a ti jókòó, ó ro gbogbo rẹ̀ fún mi. Láti ìgbà tó ti wà níléèwé ló ti ń lo oògùn tí wọ́n fún un ní ilé ìwòsàn kan, oògùn náà sì dá nǹkan ọ̀hún dúró. Ṣùgbọ́n nígbà òjò tó kọjá, ó tún gbé e ṣubú lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rù bà á. Kò lè bi ọ̀rẹ́, kò lè bi aládùúgbò. Ó wá bi fóònù. Ẹ mọ̀ pé fóònù kì í ṣòfófó. Ó tẹ "ìtọ́jú wárápá ní Àkúrẹ́" síbi ìwádìí, ó sì pe ẹni àkọ́kọ́ tó jáde.

Ẹni náà ta ìgò ẹtù dúdú kan fún un, ó ní kó máa fi omi gbígbóná mu ún. Ó tún kìlọ̀ fún un pé kó jáwọ́ nínú oògùn ilé ìwòsàn, nítorí pé àwọn méjèèjì á máa bá ara wọn jà. Dúpẹ́ jáwọ́. Kò pé oṣù kan tí ọwọ́ rẹ̀ fi bọ́ sórí áyọ́ọ̀nù.

Mo ní kó fi ojú-ìwé náà hàn mí. Ó fi ọwọ́ òsì tẹ fóònù, ó nà án sí mi. Àkọlé náà rèé, lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà:

"Ìtọ́jú Wárápá ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó"

Àlàyé tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò ju ìlà méjì lọ: "Ṣé wárápá ń dààmú ìwọ tàbí ọmọ rẹ? A wà nítòsí. O kò ní ṣàlàyé ara rẹ fún ẹnikẹ́ni. Àwa yóò gbọ́, a ó sì pa á mọ́."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, èmi ni mo kọ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo kọ́ bí a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ sórí wẹ́bùsáìtì, mo sì ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní gbogbo ọjọ́ Sátidé nínú yàrá kan lójú ọ̀nà Ọbá-Ilé. Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ràn jù lọ ni ti àkọlé àti àlàyé, ìyẹn ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń rí nígbà tó bá wá nǹkan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kó tó pinnu ibi tí yóò tẹ̀.

Mo máa ń sọ fún wọn pé ó dà bí pátákó ẹ̀bá títì. Ẹni tó wà lẹ́yìn ọ̀kadà kò ní sọ̀ kalẹ̀ wá ka pátákó yín tán. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ ń ṣe, kí ẹ sọ ìlú tí ẹ wà, kí orúkọ yín wá gbẹ̀yìn, nítorí pé bó bá ti gùn jù, fóònù á gé e, á fi àmì ìdánudúró mẹ́ta rọ́pò ìyókù. Ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan ni kó ní àkọlé tirẹ̀. Ẹ má to ọ̀rọ̀ kan náà jọ bí ẹni to búlọ́ọ̀kù. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ kọ ọ́ bí ẹni tí ìyà ń jẹ yóò ṣe fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, ẹ má kọ ọ́ bí ẹ̀yin ṣe ń fẹ́ kí wọ́n máa kì yín.

Ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ ni Rótìmí. Orí rẹ̀ pé. Nígbà tí mo ní kí oníkálukú yan iṣẹ́ kan kí ó kọ àkọlé fún un, àwọn kan yan ìdáná, àwọn kan yan fọ́tò yíyà, Rótìmí yan ìtọ́jú wárápá. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní nítorí pé kò sí ẹni tó ń fi ẹnu pè é, ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn ló ń tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi débi pé mo tún un sọ fún gbogbo kíláàsì. Mo fi gbólóhùn kan kún àlàyé rẹ̀ kí ó lè tuni lára sí i. Mo fún un ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá.

N kò bi í pé kí ló ní lọ́wọ́ tí yóò fún wọn bí wọ́n bá dé. Àṣetiléwá ṣáà ni. Kí ni mo fẹ́ máa bèèrè ìyẹn fún?

Bí ọ̀rọ̀ náà bá parí síbẹ̀, ì bá sàn. Kò parí síbẹ̀.

Nítorí pé mo fẹ́ tu Dúpẹ́ nínú, mo sọ fún un pé ìyá kan wà ní Oǹdó, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, gbogbo wa ń pè é ní Màmá Nọ́ọ̀sì. Ó ní ilé ìtọ́jú kékeré kan tó jẹ́ pé àìsàn yìí gan-an ni wọ́n ń mójú tó níbẹ̀. Oògùn gidi wà níbẹ̀, dókítà ń wá ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, wọn kì í sì í fi ojú burúkú wo ẹnikẹ́ni. Kò jìnnà, mọ́tò kan ṣoṣo ni láti Àkúrẹ́.

Dúpẹ́ gbé orí sókè. "Wọ́n wà lórí fóònù?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo tilẹ̀ fi kún un, pẹ̀lú ìgbéraga díẹ̀, pé èmi ni mo ṣe wẹ́bùsáìtì wọn.

"Mo wá títí, sà. N ò rí wọn."

Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tẹ ohun tó tẹ̀. Mo yí i lọ sísàlẹ̀, n kò rí i. Mo ṣí ojú-ìwé kejì, n kò rí i. Ìyá rẹ̀ ti fi ẹ̀gẹ́ sílẹ̀, ó wá dúró tì wá, ó ń wo ìka mi. Nígbà tó pẹ́, mo tẹ orúkọ ilé ìtọ́jú náà ní kíkún, orúkọ tó jẹ́ pé ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ nìkan ló lè tẹ̀ ẹ́. Ó wá jáde. Ohun tó wà níbẹ̀ rèé:

"Ẹ Káàbọ̀ sí Ojúlé Orí Afẹ́fẹ́ ti Ilé Àánú tí Yèyé Olóyè..."

Lẹ́yìn ìyẹn, àmì mẹ́ta. Àlàyé abẹ́ rẹ̀ ní: "Olùdásílẹ̀ wa, ìyá ìjọ, ọmọ bíbí ìdílé ńlá ní Oǹdó, ẹni tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹgbẹ́ ti fi àmì ẹ̀yẹ dá lọ́lá, ni ó..." Àmì mẹ́ta tún ni.

Dúpẹ́ kà á, ó rọra kà á. Ó wá bi mí léèrè.

"Sà, kí ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀?"

Wárápá kò sí níbẹ̀. Oògùn kò sí níbẹ̀. Ọjọ́bọ̀ kò sí níbẹ̀. Oríkì nìkan ló wà níbẹ̀.

Ẹ óò bi mí pé báwo ni ẹni tó ń kọ́ èèyàn ní iṣẹ́ ṣe lè ṣe irú èyí. Ó yẹ kí ẹ bi mí. Ọmọ Oǹdó ni mí, ọ̀rẹ́ ìyá mi ni Màmá Nọ́ọ̀sì. Nígbà tó ní kí n ṣe wẹ́bùsáìtì fún òun ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó sì ní kí n kọ wárápá síwájú pátápátá. Mo fò sókè. Mo ní, "Èèwọ̀, Mọ́mì. A ò lè fi irú ọ̀rọ̀ yẹn ṣáájú orúkọ yín."

Ó ní, "Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, ṣé orúkọ mi ló mọ̀ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kó fi iṣẹ́ oníṣẹ́ sílẹ̀ fún oníṣẹ́. Lójú mi, bí a ṣe ń fi àgbà hàn ní gbọ̀ngàn ayẹyẹ ló yẹ kí a fi í hàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì: oyè kọ́kọ́, orúkọ tẹ̀ lé e, iṣẹ́ rere rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ta ni yóò di máíìkì mú kí ó pe olóyè sórí àga, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àìsàn? Ọwọ́ mi kọ̀ láti tẹ ọ̀rọ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ìyá tí mo mọ̀. Mo sì fi àkọlé kan ṣoṣo yẹn sórí gbogbo ojú-ìwé márààrún tí wẹ́bùsáìtì náà ní, bí ẹni gbé fìlà kan náà dé ọmọ márùn-ún lórí.

Ohun tó ń dùn mí jù lọ ni èyí: láàárín oṣù kan náà ni mo ń dúró níwájú bọ́ọ̀dù ní Àkúrẹ́ tí mo ń kọ́ àwọn àjèjì pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo lè kọ wárápá sójú bọ́ọ̀dù fún Rótìmí. N kò lè kọ ọ́ fún Màmá Nọ́ọ̀sì. Ọ̀wọ̀ ni mo pè é nígbà yẹn. Ṣé ọ̀wọ̀ ni lóòótọ́? Bí ìyá náà bá sọ fún mi pé àwọn tí wọ́n bá gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló ń wá, mo máa ń ní kó mú sùúrù, íńtánẹ́ẹ̀tì kì í kánjú.

Mo wá Rótìmí lọ, ẹni tó ti sọ àṣetiléwá náà di òwò gidi. N kò ní bo orúkọ tirẹ̀: Rótìmí ni, ìdí Ọjà Ọba ni ilé ìtajà rẹ̀ wà. Bó ti rí mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní "Ọ̀gá mi," ó gbé àga fún mi, ó ní kí wọ́n ra mínírà wá. N kò jókòó. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ó ní ewé àti egbò ni ẹtù òun, kò pa ẹnikẹ́ni lára rí. Ó ní bóyá Dúpẹ́ kò lò ó bí òun ṣe ní kó lò ó. Ó ní ìtọ́jú ni òun kọ, òun kò kọ ìwòsàn. Ẹ gbọ́ ẹnu! Mo bi í pé ta ló fún un láṣẹ láti ní kí aláìsàn jáwọ́ nínú oògùn dókítà.

Ó ní, "Sà, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ká kọ ohun tí èèyàn ń wá?"

Mo ní mo sọ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ ò sọ pé ká kọ́kọ́ ní in."

Mo jáde níbẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Sátidé mélòó ni mo fi kọ́ wọn ní bí àkọlé ṣe ń fa ojú? N kò fi ọjọ́ kan kọ́ wọn pé ìlérí ni àkọlé. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ti gbà yín gbọ́ ná, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wà lójú ọ̀nà yín.

Mo kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ìjọba tó yẹ kó rí sí irú ọ̀rọ̀ báyìí. Wọ́n ní kí ẹni tó fara pa wá fúnra rẹ̀, kí ó wá sọ ọ́ ní gbangba. Dúpẹ́ ní òun kò lè ṣe é, n kò sì fipá mú un. Ó gbà kí n kọ èyí tí ẹ ń kà yìí, bí n kò bá ti kọ orúkọ tí òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ẹ ò rí nǹkan? Orúkọ aláìsàn ló yẹ kí a máa bò, kí a sì pe àìsàn sókè kí ìrànwọ́ lè gbọ́. Èmi bo àìsàn, mo wá gbé orúkọ sí gbangba.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, èmi àti Dúpẹ́ wọ mọ́tò lọ sí Oǹdó. Màmá Nọ́ọ̀sì tú báńdéèjì náà, ó wo ọwọ́ ọ̀hún títí. Dókítà bi í ní ọ̀pọ̀ ìbéèrè, ó dá a padà sórí oògùn. Títí di bí mo ti ń sọ yìí, kò tíì tún ṣubú, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìka méjì nínú ọwọ́ tó fi ń di àlùmọ́gàjí mú kò ṣe é ká mọ́. Dókítà ní bóyá wọ́n á tún ká, bóyá wọn kò ní ká.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún Màmá Nọ́ọ̀sì, mo jẹ́wọ́ fún un. Mo rò pé yóò bá mi wí. Ó wọlé, ó mú ìwé àjákọ kan jáde, ó ṣí i sí ibi tó ti fi bírò kọ ohun tó fẹ́ kí n kọ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn:

"Ìtọ́jú wárápá ní Oǹdó. Oògùn wà. Dókítà ń wá ní Ọjọ́bọ̀. A kì í lé ẹnikẹ́ni, a kì í bú ẹnikẹ́ni."

Ó ní, "Ìwọ tí o ka ìwé dé yunifásítì. Ṣé ó dára tó fún ọ báyìí?"

N kò yí lẹ́tà kan padà níbẹ̀. Gbólóhùn àkọ́kọ́ ni mo fi ṣe àkọlé, ìyókù ni mo fi ṣe àlàyé. Ojú-ìwé tó ń sọ nípa oògùn ní àkọlé tirẹ̀ báyìí, èyí tó ń sọ bí a ṣe ń débẹ̀ ní tirẹ̀. Orúkọ Mọ́mì àti gbogbo oyè rẹ̀ wà nínú, ní ìsàlẹ̀, fún ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹni tó tọ́jú òun. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá láti Ìdànrè. Wọ́n bi í pé ta ló júwe ibẹ̀ fún un. Ó ní fóònù ni.

Ṣùgbọ́n ti Rótìmí ṣì wà lókè. Ó ti pẹ́ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ti tẹ̀ ẹ́, kò sì ní í kúrò lọ́jọ́ kan. Ní gbogbo òwúrọ̀ ni mo ń wò ó, tí mo sì ń ka gbólóhùn mi tó wà lábẹ́ rẹ̀: "Àwa yóò gbọ́, a ó sì pa á mọ́."

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé ìtọ́jú, iléèwé, tàbí iṣẹ́ ọwọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ lọ ka àkọlé yín sókè fún ẹni tí kò mọ̀ yín rí. Kí ẹ bi í pé, "Kí ni mò ń ṣe?" Bí kò bá lè dáhùn, ẹ ti pa ara yín mọ́ nìyẹn, ẹ sì ti fi àyè sílẹ̀ fún òpùrọ́ tó mọ̀ ọ́n kọ. Ẹ̀yin tí ẹ sì mọ̀ ọ́n kọ, kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ wo ọwọ́ yín bóyá ohun tí ẹ ń pè wọ́n wá gbà wà níbẹ̀.

Ǹjẹ́ àkọlé kan ti ṣi ẹ̀yin náà lọ́nà rí? Àbí ẹ ti wá ìrànwọ́ kan tí ẹ kò rí, tó jẹ́ pé ó wà nítòsí yín látọjọ́ yìí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Ẹ pe ohun náà ní orúkọ rẹ̀, ẹ fi orúkọ tiyín pamọ́ bó bá wù yín.

Ní ti ṣòkòtò mi, ó ṣì wà lọ́dọ̀ Dúpẹ́. Mo ní kó gbé e fún télọ̀ mìíràn, etí ẹsẹ̀ nìkan ló kù. Ó ní rárá, òun ń kọ́ bí òun yóò ṣe fi ọwọ́ òsì rán an. Mo ti sọ fún un pé n kò kánjú.